Orí Kẹrin: Ìkòkò Kan fún Gbogbo Ilé: Bí A Ṣe Ń Dènà Ẹ̀jẹ̀ Ríru, Tí A sì Ń Kápá Rẹ̀

Ìfúnpá ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri àwọn iṣan tí ó ń gbà kọjá nígbà tí ọkàn bá ń tú u kiri inú ara. Agbára yìí kì í dúró sójú kan: ó máa ń lọ sókè bí ènìyàn bá ń sáré, bí inú bá ń bí i tàbí bí ẹ̀rù bá ń bà á, ó sì máa ń wálẹ̀ bí ó bá ń sùn, kò sì sí àléébù kankan nínú èyí. Ohun tí à ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí àwọn ènìyàn tún ń pè ní bíípíì, ni kí agbára náà ga ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó sì máa wà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, yálà ẹni náà ń ṣiṣẹ́ ni tàbí ó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa le, ọkàn á máa ṣe làálàá ju agbára rẹ̀ lọ, kíndìnrín, tí ó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, àwọn iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ sì lè bẹ́ tàbí kí wọ́n dí, èyí tí ó máa ń fa àrùn rọpárọsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àìsàn yìí kì í fi àmì kankan hàn. Àwọn ènìyàn gbà pé orí fífọ́, òòyì tàbí àyà jíjá ni ó máa ń sọ fún ẹni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru, ṣùgbọ́n ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga gan-an lè máa lọ sí oko, sí ọjà tàbí sí ọ́fíìsì, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá lójú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ pé ẹnì kan tí kò ṣàìsàn rí ṣàdédé ṣubú lulẹ̀, tí àwọn ará ilé á sì máa wá ọwọ́ ayé nínú ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún púpọ̀ ni ewu náà ti fi ń kóra jọ láìsí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n.

Orí yìí ṣàlàyé bí ìdílé ṣe lè fi oúnjẹ, ìrìn àti ìwọ̀n ìfúnpá lóòrèkóòrè dáàbò bo ara wọn. Ìlànà tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé ilé lápapọ̀ ni kí ó yí àṣà padà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí dókítà bá ti sọ fún bàbá pé kí ó dín iyọ̀ kù, ìkòkò kékeré ọ̀tọ̀ ni wọn á máa fi se ọbẹ̀ tirẹ̀, àwọn yòókù á sì máa jẹ tiwọn bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kì í pẹ́ kí ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ náà tó sú ẹni tí ó ń sè é àti ẹni tí ó ń jẹ ẹ́, bàbá á sì padà sínú ìkòkò ńlá, nígbà tí àwọn ọmọ, tí ó ṣeé ṣe kí àwọn náà ní irú ara bẹ́ẹ̀, kò rí ààbò kankan gbà.

Ṣé àjogúnbá ni àbí àṣà?

Òtítọ́ ni pé ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní láti tètè máa ṣọ́ ara, nítorí ewu tirẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Síbẹ̀, àjogúnbá nìkan kọ́ ni ó ń pinnu. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí Richard Cooper ṣáájú wọn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Osotimehin, ẹni tí ó padà di mínísítà fún ètò ìlera ní Nàìjíríà, sì wà lára wọn, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn àgbàlagbà ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní àwọn erékùṣù Jamaica, Saint Lucia àti Barbados, àti ní Amẹ́ríkà. Nínú 100 àgbàlagbà, ẹni 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó jẹ́ 26 ní àwọn erékùṣù náà, ó sì jẹ́ 33 ní Amẹ́ríkà. Ibi kan náà ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n bí ara wọn ṣe ń sanra sí i, tí oúnjẹ wọn sì ń yí padà, ni iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀kọ́ inú ìwádìí yìí wúlò fún ẹni tí ó ń gbé ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Àkúrẹ́ bí ó ti wúlò fún ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní London tàbí Houston. Ohun tí ìrìn-àjò sí òkè òkun ń mú bá ara náà ni ìgbé ayé ìlú ńlá ti ń mú wá sí ilé: búrẹ́dì àti núdù dípò ẹ̀wà àti iṣu, ọ̀kadà dípò ẹsẹ̀, àga dípò oko. Ohun tí àṣà bá sì mú wá, àṣà lè mú un kúrò.

Bí a ṣe ń wọn ìfúnpá

Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ ìwọnfúnpá máa ń gbé jáde. Nọ́ńbà òkè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀ tí ó sì tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ nígbà tí ọkàn bá ń sinmi láàárín lílù kan àti èkejì. Ìwọ̀n tí ó wà ní àyíká 120 lórí 80 dára fún àgbàlagbà. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a ti lè pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀kan ṣoṣo nínú nọ́ńbà méjèèjì tó láti fi mọ̀ ọ́n. Kò pọn dandan kí méjèèjì ga.

Ìwọ̀n tí a kò ṣe dáadáa lè da ara tí ó le láàmú, ó sì lè tan aláìsàn jẹ. Nítorí náà, yálà nílé, ní kẹ́míìsì tàbí ní ilé ìwòsàn, àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ṣe kókó:

1. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ìwọ̀n, kí ẹni náà má mu kọfí, kí ó má jẹ obì, kí ó má fa sìgá, kí ó má sì ṣe iṣẹ́ agbára.
2. Kí ó tọ̀ kí ó tó jókòó, nítorí ìtọ̀ tí ó kún inú máa ń gbé ìfúnpá sókè.
3. Kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí ó má sì gbé ọ̀kan lé èkejì.
4. Kí wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá lásán. Wíwé e lé orí bùbá tàbí ṣẹ́ẹ̀tì kò dára. Kí apá náà wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Bí apá bá tóbi tí aṣọ ẹ̀rọ sì kéré, nọ́ńbà tí yóò jáde á ga ju òtítọ́ lọ.
5. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan sì wà láàárín, kí wọ́n kọ nọ́ńbà méjèèjì, ọjọ́ àti àkókò sínú ìwé kékeré tí ẹni náà yóò máa mú lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 18, tí ìfúnpá rẹ̀ sì dára, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọdún kan tàbí méjì kọjá kí ó tó tún un wọ̀n. Ẹni tí ó ti lé ní 40, ẹni tí ó sanra, ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹni tí òbí rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní láti máa wọ̀n ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iyọ̀: èyí tí a rí àti èyí tí a kò rí

Èròjà tí ó wà nínú iyọ̀, tí ó sì ń fa wàhálà, ni sódíọ̀mù. Sódíọ̀mù máa ń dá omi dúró sínú ara. Bí ó bá pọ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan á sì lọ sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí iyọ̀ tí ó ń jẹ lójúmọ́ má tó giramu 5, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan tí a gé orí rẹ̀ tẹ́jú lọ. Gbogbo iyọ̀ ọjọ́ náà ni èyí, láti orí àkàrà àárọ̀ títí dé ọbẹ̀ alẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí ìdílé lè fi mọ ipò tí wọ́n wà láìlọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí àgbàlagbà márùn-ún bá ń gbé inú ilé, tí kálukú ń jẹ giramu 5 lójúmọ́, gbogbo iyọ̀ wọn fún ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ giramu 750. Nítorí náà, bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ra iyọ̀ kíló kan, tí ó sì tán kí oṣù tó parí, wọ́n ti kọjá ìwọ̀n kí a tó ka búrẹ́dì, núdù, ẹja oníyọ̀ àti mágì rárá. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí iyọ̀ náà sára ọ̀rá rẹ̀, kí wọ́n sì máa wo bí yóò ṣe pẹ́ tó.

Iyọ̀ tí a kò rí ni ó ṣòro jù láti ṣọ́. Mágì, orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pe gbogbo èròjà amọ́bẹ̀dùn oníhóró, sábà máa ń wọn nǹkan bíi giramu 4 ní hóró kan, iyọ̀ sì ni nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi hóró mẹ́wàá sínú ìkòkò ọbẹ̀ ata ti fi nǹkan bíi giramu 20 iyọ̀ sí i, èyí tí ó tó àwọn àgbàlagbà mẹ́rin jẹ fún odindi ọjọ́ kan, kí ó tó ṣí ìgò iyọ̀. Káún pẹ̀lú, tí a ń fi sínú ewédú, ilá àti ẹ̀wà, ní sódíọ̀mù púpọ̀ nínú, bí kò tilẹ̀ dùn bí iyọ̀ lẹ́nu. Ìjábẹ̀ tó fún ewédú, omi tí a rẹ ẹ̀wà sí mọ́jú sì máa ń mú kí ó tètè rọ̀ láìsí káún.

Dídín iyọ̀ kù yàtọ̀ sí kí a yọ ọ́ kúrò pátápátá. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà ní Nàìjíríà máa ń ní áyódíìnì nínú, èròjà tí ó ń dènà gẹ̀gẹ̀, tí ọpọlọ ọmọ inú oyún sì nílò. Ohun tí ó tọ́ ni kí a lò ó níwọ̀n, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sínú ohun tí ó ní ìdérí. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí á ran ẹni tí ń dáná lọ́wọ́:

Kí ó fi ṣíbí wọn iyọ̀. Dídà á láti ojú ọ̀rá ni í máa ń mú kí ọwọ́ ṣì. Kí ó fi sí i nígbà tí ọbẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, lẹ́yìn tí ó bá ti tọ́ ọ wò, nítorí ẹran tí a fi mágì bọ̀ àti ẹja gbígbẹ ti lè mú un dùn tó. Kí ó jẹ́ kí irú, aáyù, atalẹ̀, efinrin, àlùbọ́sà àti edé ṣe iṣẹ́ adùn. Irú tí kò ní iyọ̀ nínú ni kí ó rà, nítorí náà kí ó bi ẹni tí ń tà á bóyá ó fi iyọ̀ sí i. Bí ó bá ń se núdù, kí ó lo ìdajì èròjà inú ọ̀rá kékeré tí ó bá a wá. Kí ó gbé ìgò iyọ̀ kúrò lórí tábìlì oúnjẹ. Kí ó má sì dín in kù lẹ́ẹ̀kan náà: bí ó bá ń yọ hóró mágì kan lọ́sẹ̀, ahọ́n gbogbo ilé á mọ́ ọn lára láàárín oṣù kan sí méjì, ọbẹ̀ tí ó ń dùn mọ́ wọn tẹ́lẹ̀ á sì di oníyọ̀ lẹ́nu wọn.

Bí a ṣe ń pín abọ́

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní DASH, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997, fi hàn pé oúnjẹ tí ó kún fún ẹ̀fọ́, èso àti mílíìkì tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ lè mú ìfúnpá wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí a kò tilẹ̀ dín iyọ̀ kù. Èyí tí ó tẹ̀lé e ní 2001 fi hàn pé bí a bá dín iyọ̀ kù mọ́ ọn, á tún wálẹ̀ sí i. Ọ̀kan lára ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni pòtásíọ̀mù, èròjà tí ó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti tu sódíọ̀mù dànù sínú ìtọ̀, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, ìbẹ́pẹ àti ewébẹ̀ tútù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní àìsàn nìkan ni ó gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè ìwọ̀n tí ó lè jẹ.

Kò sí ìdí tí ọmọ Yorùbá fi ní láti kọ oúnjẹ ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ìpín inú abọ́ ni kí ó yí padà: kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, kí òkèlè, ìrẹsì tàbí iṣu gba ìdá mẹ́rin rẹ̀, kí ẹja, ẹran tí kò lọ́ràá, ẹyin, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín gba ìdá mẹ́rin tí ó kù. Ẹ̀bà, àmàlà tàbí iyán tí ó tóbi tó ìkúùkù ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tó fún ẹni tí ìjókòó ni iṣẹ́ rẹ̀. Alágbára tí ń roko láti àárọ̀ lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbẹ̀gìrì àti ewédú wúlò gidigidi, nítorí ẹ̀wà àti ewé ni wọ́n, bí epo àti iyọ̀ wọn kò bá ti pọ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà se ẹ̀fọ́ pàápàá yẹ fún àtúnṣe. Àṣà ọ̀pọ̀ ilé ni kí wọ́n bọ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, kí wọ́n fún omi rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n sì da omi aláwọ̀ ewé náà nù. Omi yìí ni pòtásíọ̀mù àti ọ̀pọ̀ fítámì máa ń bá lọ. Ó sàn kí a fọ ẹ̀fọ́ mọ́ dáadáa kí a tó rẹ́ ẹ, kí a dà á sínú ata tí ó ti jinná, kí a rò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń tutù yọ̀yọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ní kí àgbàlagbà jẹ ó kéré tán giramu 400 èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́. Ọsàn méjì, ẹ̀là ìbẹ́pẹ kan àti ẹ̀fọ́ ẹ̀kúnwọ́ méjì á mú un súnmọ́ ibẹ̀, èso tí ó bá sì wà ní àsìkò ni owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ jù. Odindi èso dára ju omi rẹ̀ nínú páálí lọ. Mínírà ìgò ńlá kan, èyí tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, lè ní tó giramu 50 ṣúgà, tí ó ti tó gbogbo ṣúgà àfikún tí kò yẹ kí àgbàlagbà kọjá lójúmọ́. Omi ni ó yẹ kí ó máa bá oúnjẹ rìn.

Ìrìn àti iṣẹ́ ara

Ní 1953, dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú London fi àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì wé àwọn tí ń gba owó ọkọ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan náà. Awakọ̀ máa ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, agbowó sì máa ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn kò pọ̀ lára àwọn agbowó tó bí ó ti pọ̀ lára àwọn awakọ̀. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ ti ń pọ̀ sí i pé ara tí kì í ṣípò padà ń wu ara rẹ̀ léwu, ọ̀rọ̀ yìí sì kan awakọ̀ dánfó, télọ̀, akọ̀wé àti ìyá tí ń jókòó ti ọjà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìwọ̀n tí ó yẹ àgbàlagbà ni ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún. Ìrìn tí ó yá díẹ̀ tó. Àmì rẹ̀ ni pé ẹni tí ń rìn á lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin. A lè pín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà sí mẹ́wàá mẹ́wàá: kí ènìyàn sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí ó ṣáájú tirẹ̀, kí ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kí ó gun àtẹ̀gùn. Ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ó tún ṣe èyí tí ó ń fún iṣan ní agbára, bí i kí ó máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í nígbà mẹ́wàá, kí ó sinmi, kí ó sì tún un ṣe. Ẹni tí àyà ti ń dùn tẹ́lẹ̀, tàbí tí mímí ń ṣòro fún bí ó bá rìn díẹ̀, gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Okùn lásán lè sọ bóyá ọ̀rá inú ti pọ̀ jù. Kí ènìyàn gé okùn tí kò fà, tí ó gùn gẹ́lẹ́ bí òun ṣe ga, kí ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ó sì fi yí ikùn ara rẹ̀ ká ní òkè ìdodo díẹ̀, láìfa inú wọlé. Bí ẹnu okùn méjèèjì kò bá lè pàdé, ikùn náà ti ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí ó dín òkèlè, epo àti ohun dídùn kù.

Oògùn, àgbo àti ìgbà tí kò gbọdọ̀ sí ìdúró

Oúnjẹ àti ìrìn kì í gba ipò oògùn lọ́wọ́ ẹni tí dókítà ti kọ ọ́ fún. Ńṣe ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe kan tí ó lè ṣekú pani ni kí aláìsàn rí i pé ìfúnpá òun ti wálẹ̀, kí ó sì pa oògùn tì, láìmọ̀ pé oògùn náà ni ó ń dì í mú síbẹ̀. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lo oògùn tí wọ́n kọ fún aládùúgbò rẹ̀, pàápàá aláboyún, nítorí àwọn kan lára wọn lè pa ọmọ inú lára. Ẹni tí ń mu àgbo ní láti sọ fún dókítà láìtijú, kí ó sì mọ̀ pé àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ lè gbé ìfúnpá sókè. Àwọn oògùn ìrora bí i ibuprofen àti diclofenac, tí àwọn ènìyàn ń rà lójú pópó, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bí a bá ń lò wọ́n léraléra, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́ sí apá kan, bí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ́ pọ̀, àmì rọpárọsẹ̀ ni. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má fi oúnjẹ, omi tàbí oògùn sí i lẹ́nu, kí wọ́n má sì dúró wo bóyá àmì náà á lọ fúnra rẹ̀. Kódà bí ó bá lọ, kí wọ́n ṣì gbé e lọ. Bákan náà ni kí wọ́n ṣe bí ìfúnpá bá tó 180 lórí 120, tí àyà dídùn, àìlèmídáadáa, ojú ríran bàìbàì tàbí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn sì bá a rìn.

Ètò oṣù àkọ́kọ́

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí gbogbo àgbàlagbà inú ilé wọn ìfúnpá wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí iyọ̀ sára ọ̀rá rẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti tó 140 lórí 90 kò gbọdọ̀ dúró de òpin oṣù. Kí ó tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kí ó sì mú ìwé rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mágì kan kúrò nínú ìkòkò, kí wọ́n sì gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ẹ̀fọ́ wà nínú oúnjẹ lójoojúmọ́, kí èso sì rọ́pò mínírà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ẹni méjì nínú ilé jọ máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí ẹni tí ó ní ẹnìkejì kì í tètè jáwọ́.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún ìfúnpá wọ̀n, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà tuntun náà wé ti àkọ́kọ́. Bí ó bá wálẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ síwájú láìdín ohunkóhun kù. Bí kò bá wálẹ̀, kì í ṣe ìjákulẹ̀, nítorí ara àwọn mìíràn nílò oògùn mọ́ oúnjẹ. Ohun tí ó dájú ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n bá dàgbà nínú ilé tí ọbẹ̀ ibẹ̀ kò ní iyọ̀ púpọ̀, tí ẹ̀fọ́ kì í wọ́n, tí àwọn òbí sì ń rìn, ti gba ogún ìlera kí wọ́n tó mọ orúkọ àìsàn tí à ń sá fún.